Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Wà Nínú Owó Ilé Ọdún Méjì?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ ilé wíwá ni a fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Ẹni tó bá ti wá ilé rí ní Ajégúnlẹ̀ yóò tètè mọ ohun tí à ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ gbéyàwó. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní wáàfù Àpápá, ó sì fẹ́ kí ilé rẹ̀ súnmọ́ ibi iṣẹ́, nítorí pé ẹni tó bá ń ti Ìkòròdú wá sí Àpápá mọ iye wákàtí tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Apá rẹ̀ kò ká owó ilé Àpápá, ló bá kọjá Boundary bọ́ sí Ajégúnlẹ̀. Ó rí yàrá kan àti pálọ̀. Ó bi àwọn ará ilé bóyá omi ń ya wọlé lásìkò òjò, wọ́n ní rárá. Onílé ní owó ọdún kan ni òun ń gbà. Wọ́n fẹnu kò. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ mẹ́rin kí òun fi lọ kó àjọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹlòmíràn dé. Òun náà fẹ́ gbéyàwó. Ajẹ́ǹtì sọ fún un pé ẹnì kan ti ń bọ̀ wá sanwó. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún bàbá pé owó ọdún méjì ló wà lọ́wọ́ mi yìí." Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ fi máa kó àjọ dé, kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni kejì.

Ta ló ṣẹ̀? Bí ẹ bá da ìbéèrè yìí sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, ọ̀pọ̀ yóò ní kò sẹ́ni tó ṣẹ̀, ọjà ni, ẹni tó lówó ló ń rà. Àwọn kan yóò di ẹ̀bi ru onílé. Ṣàṣà ni ẹni tí yóò dárúkọ ẹni kejì. Òun gan-an ni mo fẹ́ kí a wò, nítorí pé ẹni bíi tiwa ni.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún wa pé kí ẹnì kan máa dúnàádúrà lórí ọjà tí arákùnrin rẹ̀ ti ná yanjú, ó sì kọ̀ fún wa pé kí á tọrọ ọmọbìnrin tí arákùnrin wa ti ń tọrọ. Èkejì yìí, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá lọ fi owó gọbọi gba àfẹ́sọ́nà ẹlòmíràn, mọ́sálásí kò ní gbà á. Ṣùgbọ́n kí ó gba ilé tí ẹni yẹn fẹ́ gbé ìyàwó náà sí ńkọ́? A ó kí i kú oríire, a ó sì bá a jẹ ìrẹsì ìṣílé. Kí ni ilé yíyá bí kò ṣe ríra àǹfààní ilé?

Òfin ìlú pàápàá ti kan ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ilé yíyá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Apá tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ó ka ẹni tó san án náà sí arúfin: owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, fún ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án. Ó wá yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Bóyá wọ́n rò pé olówó kò nílò ààbò. Wọ́n gbàgbé àwọn tó ń gbé bọ́ìsì kọ́tà. Nítorí náà, ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lápá ìhín Boundary kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lápá ọ̀hún, bí ó bá jẹ́ pé ìwé òfin nìkan ni à ń wò. Èmi kò rò pé ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì mọ Boundary.

Ilẹ̀ àdúgbò wa yìí sì ti kọ́ aráyé lẹ́kọ̀ọ́ rí. Ní ọdún 1913, ìjọba àwọn òyìnbó gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Nígbà tí ó kan owó ilẹ̀, wọ́n ní Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, kò ní ju àṣẹ àbójútó lọ lórí rẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà títí dé London, Herbert Macaulay sì bá a lọ ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà níbẹ̀ gbà pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ ní kíkún, pé olóyè ń tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ẹbí ni. Ohun tí a fi dáhùn níwájú òyìnbó nìyẹn: ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Báwo ni òrùlé orí ilẹ̀ náà ṣe wá di ti ẹni tí àpò rẹ̀ wúwo jù?

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Bí onílé bá ní owó ọdún méjì ni òun ń gbà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, tí àna ń retí, tí kò sí ilé mìíràn ńkọ́? Ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn kò dà bí ẹni tó fi owó fún ẹlòmíràn lọ́rùn. Onílé ni kí ẹ bi léèrè ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ní tirẹ̀ láti sọ: owó ìfẹ̀yìntì ló fi kọ́lé, páànù ti ń jò, ayálégbé tó jẹ ẹ́ ní gbèsè kò kó jáde, ẹjọ́ kò sì tètè parí. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú mi kò le sí arábìnrin tí kò tíì lọ́kọ, tí onílé mẹ́ta ti lé padà pé àwọn kò gba obìnrin tó ń dá gbé, tó wá fi owó ọdún méjì gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnu ayé. Kìkì kí ó má jẹ́ pé ẹnì kan ti wà nídìí ilé ọ̀hún ṣáájú rẹ̀.

Ẹni kejì wa ńkọ́? Ó ti wọlé, ìyàwó ti dé, owó ọdún kejì sì ti wọ inú sìmẹ́ǹtì onílé. N kò ní kí ó kó jáde. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹni àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ajẹ́ǹtì. Kí ó gbà á, kí ó pè é, kí ó jẹ́ kó gbọ́ ṣáájú ẹnikẹ́ni bí yàrá kan bá ṣófo nínú ilé náà. Owó tí ajẹ́ǹtì sì gbà lọ́wọ́ ẹni yẹn kí ó tó fi ilé hàn án, òun ni kí ó kọ́kọ́ san padà fún un.