Ẹ̀rọ Kò Bọ́ Ọ̀wọ̀ Lára Òbí

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Nítorí èyí, àwọn kan láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́ àti Ìdó lè gbà pé ọwọ́ ọmọ nìkan ló yẹ kó gbé òbí tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, pé ẹni tó fi ẹ̀rọ ìgbéni gbé e ti sọ ọ́ di ẹrù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn ọmọ bá yẹ̀, ta ni yóò tọ́jú òbí lọ́la? Lílo ẹ̀rọ kò sì túmọ̀ sí àìbìkítà: nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1998 ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ fi ń gbé ènìyàn wò lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Iyì ẹ̀mí ló fa irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan lè ní iná mànàmáná tí ẹ̀rọ ń lò kò dúró. Òótọ́ ni, àmọ́ irú èyí tí a ń fi ọwọ́ pọ́ǹpù wà. Owó rẹ̀ wọ́n, ìdí nìyí tó fi yẹ kí mọ̀lẹ́bí dáwó jọ. Ọ̀wọ̀ wà nínú bí a ṣe ń lò ó: kí aṣọ ìgbéni tí a so mọ́ ẹ̀rọ má ya, kó bá ara aláìsàn mu, kí ìwúwo rẹ̀ má kọjá agbára ẹ̀rọ, kí a sọ fún un ká tó gbé e, kí a sì bo ìhòòhò rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń gbé ara. Ọmọ ló ń pọ́n òbí lé.