Ìmọ́tótó Tàbí Oge? Mọ́tò, Iyọ̀ àti Ìda Létí Òkun Àgbádárìgì

Omi tó ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ èèyàn nù létí òkun Àgbádárìgì, òun kan náà ló ń jẹ mọ́tò tó gbé wọn débẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí etíkun Suntan lópin ọ̀sẹ̀ lè rí i fúnra rẹ̀. Mọ́tò á tò sórí iyanrìn, àwọn aláṣọ funfun á bọ́ sílẹ̀ láìwọ bàtà, wọ́n á kọjú sí ìgbì, wọ́n á máa gbàdúrà. Ẹlòmíràn á fi ọṣẹ àti kànrìnkàn wẹ̀, á ju kànrìnkàn náà sínú ìgbì kí omi gbé e lọ, á sì wọ mọ́tò rẹ̀ padà sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé ohun tó ń lépa òun ti dúró sẹ́yìn. Àmọ́ nǹkan mìíràn ń tẹ̀ lé e bọ̀. Kó fi ìka ra gíláàsì iwájú mọ́tò, kó fi ìka náà kan ahọ́n: iyọ̀ ni.

Iyọ̀ yìí kì í ṣe ẹrù kékeré. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mọ́ra fúnra rẹ̀. Létí òkun tiwa, pàápàá lóru àti ní ìdájí, ọ̀rinrin kì í sábà lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, irin tí iyọ̀ bá bà lé kì í gbẹ tán, kódà nígbà tí ojú ọ̀dà bá dà bíi pé ó ti gbẹ. Omi oníyọ̀ sì máa ń jẹ́ kí iná mànàmáná ráyè rìn lára irin ju omi lásán lọ, èyí ló ń mú kó yára dógùn-ún. Ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ kì í hàn sójú: abẹ́ mọ́tò, inú ìbòrí táyà, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn níbi tí omi ń dúró sí. Nígbà tí onímọ́tò bá fi máa rí i lókè, ọ̀rọ̀ ti di ti wẹ́dà àti panẹ́bítà.

Àwọn mọ́tò tòkunbọ̀ kan tilẹ̀ ti gbé àìsàn tiwọn dé. Ní apá àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì kí yìnyín má baà dì. Kí ìjọba tó fòfin dè é pé kí mọ́tò má gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ń gba Kútọnu àti Sèmè kọjá lójú títì Àgbádárìgì lọ sí Èkó. Iyọ̀ yìnyín lábẹ́ mọ́tò, iyọ̀ òkun lórí rẹ̀.

Lójú òfin ẹ̀sìn ńkọ́? Omi òkun mọ́. Hádíìsì tí àwọn ààfáà mọ̀ dáadáa sọ nípa ọkùnrin kan tó bi Ànábì Muhammad léèrè: òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ń rin ìrìn àjò lójú òkun, omi mímu tó wà lọ́wọ́ wọn kò tó nǹkan, ṣé àwọn lè fi omi òkun ṣe àlùwàlá? Ìdáhùn tó gbà ni pé omi náà mọ́, ó sì ń sọ nǹkan di mímọ́. Apẹja tó jẹ́ Mùsùlùmí lè fi omi Àtìláńtíìkì ṣe àlùwàlá láìṣiyèméjì. Kò gbọdọ̀ fi fọ mọ́tò. Ohun tó mọ́ fún ara ọmọ Ádámọ̀ lè jẹ́ ìparun fún irin, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè wa ti bẹ̀rẹ̀: ta ló ni ojúṣe ohun èlò tí Ọlọ́run fún èèyàn? Bí èèyàn bá sì ń fi gbogbo àárọ̀ Sátidé fọ mọ́tò, tó ń fi ìda kùn ún títí tí yóò fi máa kọ mọ̀nà, ṣé ìmọ́tótó nìyẹn, àbí oge?

Ìlú Àgbádárìgì ní ìtàn nínú àríyànjiyàn yìí. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Abẹ́ igi Agia ni wọ́n ní ó ti wàásù. John Wesley, tó dá ìjọ Freeman sílẹ̀, ló mú kí gbogbo ayé mọ ọ̀rọ̀ náà pé ìmọ́tótó ló sún mọ́ ìwà-bí-Ọlọ́run jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni ibi tó ti sọ ọ́: inú ìwàásù lórí aṣọ wíwọ̀ ni. Wesley kò ní kí ẹnikẹ́ni máa rìn ní ìdọ̀tí lórúkọ Jésù. Ṣùgbọ́n kété tó yin ìmọ́tótó tán ló kọjú ìjà sí oge: ó ní aṣọ olówó ńlá ń bí ìgbéraga, owó tí a bá ná lé e lórí sì jẹ́ owó tí a jà gbà lọ́wọ́ òtòṣì. Ìmọ́tótó bẹ́ẹ̀ ni, oge bẹ́ẹ̀ kọ́. Mọ́tò kò tíì sí láyé nígbà náà, ṣùgbọ́n ìlà tó fà yẹn gba àárín agbo ilé wa kọjá, láàárín bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti agolo ìda.

Fífọ̀ ni kí a kọ́kọ́ yanjú, nítorí níbi tí iyọ̀ bá wà, kò sẹ́ni tó lè pe fífọ̀ ní oge. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ibòji ló kọ́kọ́ nílò, kì í sì í ṣe abẹ́ igi àgbọn o, nítorí àgbọn gbígbẹ kan tó bá já lulẹ̀ lè ba iṣẹ́ ọjọ́ náà jẹ́. Kó jẹ́ kí bọ́néẹ̀tì tutù. Ọṣẹ tó bá gbẹ sórí ọ̀dà gbígbóná á fi àpá sílẹ̀. Kó da omi lásán sára mọ́tò látòkè délẹ̀ kí ọwọ́ tó kàn án, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku bá fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ ilẹ̀ Ṣáàdì. Àwọn tó ń fi àkísà gbígbẹ nu eruku kúrò láàárọ̀ kó tó di pé wọ́n lọ síbi iṣẹ́ ló ń fọwọ́ ara wọn họ mọ́tò: àwọn ìlà róbótó róbótó tó máa ń yọ nígbà tí oòrùn bá tàn sí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ọ̀dà tó ń dán lókè pátápátá yẹn kò nípọn tó irun orí kan.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n ń lò. Ọṣẹ wà nínú ọ̀kan, omi lásán wà nínú èkejì. Bí fóòmù bá ti ra ara mọ́tò, inú omi lásán ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí kó tú iyanrìn sílẹ̀, kó tó padà sínú ọṣẹ. Òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, táyà ló ń kẹ́yìn, àkísà tirẹ̀ sì yàtọ̀. Fóòmù tó bá bọ́ sórí iyanrìn, kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n mú òmíràn. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún mọ́tò ló dára jù. Omo tí a fi ń fọ aṣọ á bọ́ ìda tó wà lára ọ̀dà kúrò. Omi náà ní ti ẹ̀. Omi kànga àwọn ibì kan létí òkun ní iyọ̀ díẹ̀, ti ibòmíràn pọ́n fún irin, ẹni tó bá sì fi wọ́n fọ mọ́tò tí kò nù ún gbẹ kíákíá á bá àpá funfun tàbí pupa lára rẹ̀. Òjò tó kún dúrọ́ọ̀mù lábẹ́ páànù ló sàn jù.

Lẹ́yìn náà ni abẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iyọ̀ fi ṣe ilé. Kí wọ́n tẹ́ ọ́ọ̀sì sílẹ̀ kó máa tu omi sókè, kí wọ́n rọra wa mọ́tò kọjá lórí rẹ̀. Kí wọ́n fi omi lé iyanrìn jáde nínú ìbòrí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí wọ́n fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tọ àwọn ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí omi inú rẹ̀ lè jò dànù. Kò sí aládùúgbò tó máa yin ẹnikẹ́ni fún èyí. Jésù bá àwọn Farisí wí nínú Ìwé Mátíù orí 23 pé wọ́n ń fọ ẹ̀yìn ife, wọ́n fi inú rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ létí òkun wa ló ti sọ ọ́, kò dájú pé ife ni ì bá fi ṣe àpẹẹrẹ.

Omi tó ń lọ ńkọ́, níbi tí àwọn aládùúgbò kan ti ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà? Múùdù kan, tí kò tó lítà kan, ni hádíìsì sọ pé Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá. Mẹ́rin sí márùn-ún irú rẹ̀ ló sì fi ń wẹ gbogbo ara. Ẹni tó fi ọ́ọ̀sì sílẹ̀ kó máa ṣàn lórí bọ́néẹ̀tì nígbà tó ń gba fóònù, ó yẹ kó rántí múùdù yẹn.

Ó wá ku ìda. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ìda tí wọ́n ń kùn mọ́tò, ara ewé ọ̀pẹ carnauba ni wọ́n ti ń rí i, ìyẹn ọ̀pẹ kan tó ń hù ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíl, orílẹ̀-èdè tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ẹrú gba Àgbádárìgì lọ. Ìda kì í fọ nǹkan. Ohun tó bá bá lójú ọ̀dà ló ń bò mọ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ ìdọ̀tí. Nítorí náà, lẹ́yìn tí mọ́tò bá ti gbẹ, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra á; bó bá ṣì ń ta ọwọ́, iṣẹ́ fífọ̀ kò tíì parí. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí wọ́n kùn ún, apá kan lẹ́ẹ̀kan, ní ibòji. Bó bá ti funfun díẹ̀, tí ìka kò sì fa á mọ́, kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ tó mọ́ nù ún kúrò. Àwọn tó ń kùn ún nípọn rò pé àwọn ń ṣe é ní àṣepé. Agbára wọn àti owó wọn ló ń ṣòfò. Nínú oòrùn tiwa, kì í ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù méjì lọ kó tó ṣí. Bó bá wà níbẹ̀, omi tó bá kán sí i á máa yí gbirigbiri bí ìrì lórí ewé kókò, iyọ̀ á sì bá a lọ.

Ṣé oge ni? Lójú Yorùbá, dídán kì í ṣe ohun àbùkù. Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, bi àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá léèrè bí wọ́n ṣe ń mọ ère tó dára yàtọ̀, nínú àròkọ tó jáde ní ọdún 1973 ó sì ka dídán mọ́ àwọn òṣùwọ̀n tí wọ́n sọ fún un. Agbẹ́gilére kì í ra dídán nínú agolo. Ọ̀bẹ tó fi ṣe àṣekágbá ló ń bí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti mọ́tò: ojú ọ̀dà tó ṣe hóíhóí kò ní dán, ìda ì báà jẹ́ ti olówó iyebíye. Létí òkun, ìda sún mọ́ ìmọ́tótó ju oge lọ, níwọ̀n ìgbà tí abẹ́ mọ́tò bá ti gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó kun òkè tó fi abẹ́ sílẹ̀ ni Wesley ń bá wí.

Àwọn olùfọkànsìn á ní àwọn ní ààbò tó ju ìda lọ. Nígbà ọdún Ògún, àwọn awakọ̀ á kó mọ́tò jọ, wọ́n á pa ajá, wọ́n á ta ẹ̀jẹ̀ sí táyà àti bọ́mpà. Onígbàgbọ́ á fi òróró ya àgbélébùú sórí bọ́néẹ̀tì, ààfáà á fi tírà kọ́ sínú. Kò sí ẹni tó fẹ́ bá wọn jà níbí. Kìkì pé iyọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, òróró sì ń kó eruku jọ, kí wọ́n jọ̀wọ́ ṣan wọ́n kúrò bí ètò bá ti parí. Bí a bá pa ẹ̀rín tì, ìjọsìn Ògún ní ohun tó ń kọ́ni. Gù ni àwọn Ògù Àgbádárìgì àti àwọn Fọ̀n ń pe òrìṣà irin. Ère Gù tó lókìkí jù láyé, irin ni Akati Ekplekendo fi rọ ọ́ ní ilẹ̀ Dàhòmì ṣáájú ọdún 1858. Àwọn Faransé gbé e lọ, ó wọ ilé ọnà kan ní Paris ní 1894, wọ́n sì wá ń ṣàfihàn rẹ̀ ní Louvre. Òrìṣà irin fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rinrin. Inú ilé ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Karin Barber ti kọ ọ́ ní ọdún 1981 pé, lójú Yorùbá, àkíyèsí àwọn tó ń bọ òrìṣà ló ń gbé òrìṣà ró. Bí èèyàn ò sí, òrìṣà ò sí. Ìtọ́jú ni ìjọsìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí a yà wọ́n sọ́tọ̀ ni òróró gba bọ́néẹ̀tì, tí abẹ́ mọ́tò sì di aláìlólùṣọ́.

Ìwẹ̀ kan tún wà tí ẹ̀sìn kò lọ́wọ́ sí: bí ẹnìkan bá ra mọ́tò tuntun, àwọn ọ̀rẹ́ á ní kó jẹ́ kí àwọn bá a wẹ̀ ẹ́, ọtí ni wọ́n sì ń sọ. Díẹ̀ á kán sí táyà, ìyókù á wọ ọ̀fun. Èyí kò pa mọ́tò lára.

Ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà lọ ló yẹ kí ẹlẹ́sìn ronú sí jù. Ní Jámánì, òfin ọ̀pọ̀ ìlú kò gbà kí onílé fọ mọ́tò rẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán, kí epo àti ọṣẹ má baà wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀. Iyanrìn ni ilẹ̀ Àgbádárìgì, omi kò sì jìn sísàlẹ̀. Ohun tó bá kán sílẹ̀ ní agbo ilé kò ní pẹ́ dé inú kànga. Síbẹ̀ àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò ṣì ń fi dísù tàbí kẹrosínì fọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ó ń dán, ó sì ń lé ìpẹtà. Bó ti wù kó dán tó, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni ìdọ̀tí rẹ̀ ń lọ. Ọ̀nà Málíkì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá ń tọ̀ sì ní òfin lórí èyí: omi tí ohun àjèjì bá yí àwọ̀, adùn tàbí òórùn rẹ̀ padà kò tún ṣe é fi ṣe àlùwàlá mọ́. Iyọ̀ inú òkun kò sí lára àjèjì, nítorí òun àti omi náà ni wọ́n jọ wà. Dísù kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Onímọ́tò tó fi í fọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ nítòsí kànga lánàá, kó kọ́kọ́ gbóòórùn omi tó fà ní ìdájí òní kó tó fi bọ́jú.