Ẹni tí a ní kó lọ rọ́kún nílé, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kò sí ọmọ Ìfọ̀nyìn tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Òun ló fà á tí a fi ń ṣe ìwádìí kí a tó dájọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn: láàárín ọjọ́ tí ẹ̀sùn dé àti ọjọ́ tí ìdájọ́ yóò dé, gbèsè wo ni a jẹ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn?

Ẹ jẹ́ kí a fi akápò kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣe àpẹẹrẹ. Owó kò pé nínú àpótí. Ọ̀gá fún un ní lẹ́tà pé kí ó lọ rọ́kún nílé títí ìwádìí yóò fi parí, kí ó má sì bá ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́tà náà sọ pé kì í ṣe ìyà ni a fi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjà Ìgolo, ta ló ka lẹ́tà náà? Ohun tí aráyé rí ni pé ọkùnrin yìí kò jáde lówùúrọ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun lọ́sàn-án kò yà kí i mọ́, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n. Oorun dá lójú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kò sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò pè é. Bí ó bá jẹ́ aláìṣẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá sì jẹ̀bi, ṣé àìsàn wà lára ìyà tí òfin là sílẹ̀ fún un?

A kò sọ pé kí a má ṣe dá ẹnikẹ́ni dúró. Àwa olùkọ́ mọ̀ pé bí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin bá fẹ̀sùn kan ọ̀kan nínú wa, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Òfin 2006-19 ti ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 wà láti fi ìyà jẹ ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ ènìyàn lẹ́nu, àti láti dáàbò bo ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Ọmọ náà ni a ó kọ́kọ́ tọ́jú. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú kì í ṣe omi inú ìkòkò, tí ẹnìkan yóò mu tán mọ́ ẹnì kejì lọ́wọ́.

Ìwé òfin àgbà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ ní abala 17 pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn títí òfin yóò fi fìdí ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀. Òfin iṣẹ́ 98-004, ti ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1998, sì gbé ìlera òṣìṣẹ́ lé agbanisíṣẹ́ lọ́rùn. Ẹni tí a ní kó lọ rọ́kún nílé kò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àdéhùn rẹ̀ kò já. Ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ọ̀pọ̀ ìlànà òfin wa ti ṣẹ̀ wá, òfin sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí a dá dúró yóò ṣì máa gba owó oṣù rẹ̀, àti pé kí a yanjú ọ̀ràn rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin. Bí owó kò bá dúró, èé ṣe tí ìtọ́jú yóò fi dúró?

Àwọn kan yóò ní: ṣé owó ará ìlú ni a ó fi tọ́jú olè? Ẹni tó bèèrè bẹ́ẹ̀ ti dájọ́ ná. Dókítà kì í ṣe adájọ́. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu aláìsàn, kò gbọdọ̀ gbé e lọ fún olùwádìí. Ìwádìí pàápàá yóò jèrè, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kò lè ro ẹjọ́ rẹ̀ dáadáa.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí lẹ́tà náà dárúkọ ọjọ́ tí a ó tún ọ̀ràn náà yẹ̀ wò, àti ibi tí òṣìṣẹ́ náà ti lè rí dókítà ibi iṣẹ́. Kí a yan ẹnìkan tí kò sí lára àwọn olùwádìí, tí yóò máa bèèrè àlàáfíà rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò bá sì jẹ̀bi, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ mú un padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sọ ọ́ ní gbangba, nítorí gbangba ni ojú ti tì í.

Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Bí ọwọ́ òsì yẹn bá tọ́ sí ẹni tó ṣẹ̀, mélòó-mélòó ni ẹni tí a kò tíì mọ̀ bóyá ó ṣẹ̀!