Àfòmọ́ Inú Ọ̀gọ̀dọ̀

Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò lẹ́gbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ẹni tí ń jẹ nínú òógùn ẹlòmíràn ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fara pamọ́ sínú rẹ̀ tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ yẹ̀ wò: ohun tí kò lè dá dúró, ǹjẹ́ a lè sọ pé ó ní ìyè? Ẹ jẹ́ kí a lọ wá ìdáhùn létí ọ̀gọ̀dọ̀.

Nínú omi tí kò níyọ̀, ẹ̀dá wíńniwínní kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Paramecium bursaria. Àwọ̀ ewé ni ara rẹ̀, nítorí pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ewéko oní-sẹ́ẹ̀lì-kan, tí a ń pè ní Chlorella, ń gbé inú rẹ̀. Ewéko náà ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ṣúgà, ó sì ń fún onílé rẹ̀ jẹ. Onílé náà sì ń dáàbò bò ó. Ààbò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, nítorí pé bí ewéko náà bá bọ́ síta, ọ̀tá kan wà nínú omi tí ó lè pa á run. Fáírọ́ọ̀sì ni ọ̀tá náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni James Van Etten àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Nebraska, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe àwárí rẹ̀. PBCV-1 ni wọ́n sọ ọ́.

Ẹrù tí fáírọ́ọ̀sì yìí rù yani lẹ́nu. Àkọsílẹ̀ àbùdá tí ó wà nínú DNA rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 330,000 lẹ́tà, nígbà tí ti fáírọ́ọ̀sì tí ń fa àrùn rọpárọsẹ̀ kò ju nǹkan bí 7,500 lọ. Àṣẹ tí ó wà nínú rẹ̀ fún ṣíṣe onírúurú purotéènì tó nǹkan bí 400. Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ ara ewéko náà, yóò lu ògiri rẹ̀, yóò sì ti DNA tirẹ̀ wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ọ̀bẹ tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá yóò bẹ̀rẹ̀ sí gé DNA onílé. Ṣùgbọ́n ó ti fi àmì sára tirẹ̀, kí ọ̀bẹ náà má baà gé e. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ewéko náà yóò bẹ́, nǹkan bí 1,000 fáírọ́ọ̀sì tuntun yóò sì tú jáde.

Síbẹ̀ náà, ohun kan kò sí lọ́wọ́ rẹ̀: kò ní ibi tí a ti ń rọ purotéènì. Alágbẹ̀dẹ tí ó kó irinṣẹ́ rẹpẹtẹ dání, tí kò sì ní àgbẹ̀dẹ, ni. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ní kò ní ìyè rárá: wọ́n ní kò lè dá dúró.

Èmi kò fara mọ́ òṣùwọ̀n yìí. Bí dídá dúró bá jẹ́ ẹ̀rí ìyè, ta ni yóò kù? Ewéko ń sá sábẹ́ onílé, onílé ń jẹ nínú ṣúgà ewéko, àwa náà sì ń jẹ lára ohun tí oòrùn mú hù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ewu òṣùwọ̀n náà kò sì mọ sínú ọ̀gọ̀dọ̀. Òun náà ni a fi ń wọn ọmọ tí kò lè kàwé láìsí olùrànlọ́wọ́, tí a ń pè é ní olódo. Òun ni a fi ń wọn arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, tí a ní kò wúlò.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé afọ́lé àti alájọgbé wá di ọ̀kan náà ni? Ó tì o. Chlorella ń san oore padà. Fáírọ́ọ̀sì ń fọ́ ilé tí ó gbà á. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí olúkúlùkù ń fi ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣe, kò sí nínú ìfẹ̀yìntì náà. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ pe fáírọ́ọ̀sì ní olè, nítorí pé kò mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Ènìyàn tí ó mọ̀ ọ́n ni ẹ̀bi tọ́ sí. Ẹ má sì jẹ́ kí a yára sọ pé kò sí ohun tí ó lè tinú rẹ̀ wá. Ní òpin ọdún 2022, John DeLong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Nebraska kan náà fi hàn pé ẹ̀dá kékeré mìíràn, Halteria, lè máa jẹ irú fáírọ́ọ̀sì yìí, kí ó sì máa pọ̀ sí i. Afọ́lé di oúnjẹ. Èyí kò jí ewéko tí ó kú dìde, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa láti má ṣe tètè dájọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ kan bá bi yín bóyá fáírọ́ọ̀sì wà láàyè, ẹ má kánjú dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: kí ni ó gbára lé, kí ni ó sì ń fi ohun tí ó gbára lé ṣe? Lẹ́yìn náà, kí a bi ara wa bákan náà. Àfòmọ́ kò lẹ́gbò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n igi tí ó lẹ́gbò pàápàá, ilẹ̀ ni ó dì mú.