Òkè Wo Ni?

Ilẹ̀ Kankon, létí òkun wa níbí, tẹ́ pẹrẹsẹ. Iyanrìn ni, àgbọn ni, kò sí òkè kan tí èèyàn lè gùn wo ọ̀nà jíjìn. Síbẹ̀, aṣọ òkè ni gbogbo wa ń pe aṣọ tó wà lórí itan mi yìí. Ẹtù ni, aró rẹ̀ dúdú kirikiri. Mo fọwọ́ tọ ojú rírán rẹ̀: ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n rán mọ́ra wọn. Ẹni tó ni ín ti kú. Òórùn káńfọ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Àwọn tó ń hun ún ní Ìsẹ́yìn a máa pè é ní aṣọ òfì. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní aṣọ òkè, létí òkun ni yóò ti dúró, níbi tí gbogbo ohun tó bá ti inú ilẹ̀ wá, èèyàn tàbí ẹrù, ti jẹ́ ará òkè. Ta ni? Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tirẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti lanu pe aṣọ yìí, ibi tó dúró sí ni mo dúró sí.

Bí ọ̀rọ̀ bá yá lẹ́nu, aṣòkè là ń wí. Fáwẹ̀lì tó parí aṣọ a ti lọ kí òkè tó dé. Àwọn kan ń fi àmì so wọ́n pọ̀, aṣọ-òkè; èmi ń kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ohùn kékeré tó ń kú lẹ́nu mi lè wà láàyè lórí ìwé.

Mo ń ro sányán náà, irú aṣọ òkè mìíràn, tó jẹ́ pé ilé tí kòkòrò inú igbó hun fún ara rẹ̀ ni wọ́n sè kí wọ́n tó ran òwú rẹ̀. Ó hun tirẹ̀, a gbà á, a tún un hun.

Ti àlàárì, aṣọ òkè pupa, ló wá yà mí lẹ́nu jù. Láyé àtijọ́, òwú pupa rẹ̀ a máa gba Trípólì, a la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ilẹ̀ wa. Ká ní a bi ahunṣọ Ìsẹ́yìn ìgbà náà pé níbo ló ti wá, àfàìmọ̀ kí òun náà má nawọ́ sí òkè. Bẹ́ẹ̀ Trípólì, etí òkun ló wà bíi tiwa. Kí ni wọ́n ń pe òwú náà níbẹ̀?