Mi Ò Kúkú Purọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan lójú ìwé yìí.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo bá wọn ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ní ìpínlẹ̀ Kogi. Àjọ kan láti òkè òkun ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àwọn abúlé kan, wọ́n wá fẹ́ mọ̀ bóyá owó tí wọ́n ná so èso. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n gbé fọ́ọ̀mù fún pé ká lọ máa béèrè láti ilé dé ilé. Kí a tó gbéra, wọ́n kìlọ̀ fún wa: ẹ má purọ́, ẹ má gba ẹ̀bùn, ẹ má dárúkọ ẹni tó bá bá yín sọ̀rọ̀. Mo ní lọ́kàn ara mi pé èyí ò le, ṣebí ọmọ ìdàpọ̀ ni mí.

Ìyá alákàrà kan sọ fún mi pé omi ń jáde lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń gbowó kó tó ṣí i, omi tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, má kọ orúkọ mi síbẹ̀ o." Mi ò kọ ọ́. Nírọ̀lẹ́, òṣìṣẹ́ àjọ náà tó ń mú wa kiri bi mí pé, "Ta ló sọ ti owó yẹn? Ṣé ìyá alákàrà ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mi ò kúkú purọ́. Ohun tí mo fi tu ara mi nínú nìyẹn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

UNEG, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀ka tó ń yẹ iṣẹ́ wò lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé ìlànà ìwà jáde ní 2008, wọ́n sì tún un kọ ní 2020. Ohun mẹ́rin ló dá lé: òtítọ́ inú, jíjíhìn iṣẹ́ ẹni, bíbọ̀wọ̀ fún ènìyàn, àti ṣíṣe wọ́n lóore láìpa wọ́n lára. Èkíní nìkan ni mo kà sí ìwà mímọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn yòókù, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì lásán ni.

Arákùnrin kan tí mo sọ fún ní ẹ̀ṣẹ̀ ò gbọdọ̀ fara pamọ́. Bí a kò bá dárúkọ, báwo la ó ṣe mú ẹni tó ń gbowó? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ló yẹ ká tú síta, kì í ṣe ẹni tó sọ ọ́. Àjọ lè rán ẹlòmíràn lọ dúró nídìí kànga láàárọ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹnu ìyá yẹn, yíyá ni mo yá a. Ta ló ní kí n fi tọrẹ? Bí wọ́n bá sì fìyà jẹ ẹ́, abúlé kejì yóò gbọ́. Nígbà tí a bá débẹ̀, gbogbo wọn yóò ní kò sí wàhálà, a ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ìròyìn wa yóò sì di irọ́ láìsí òpùrọ́ kankan nínú wa.

Nehemáyà lọ yẹ odi Jerúsálẹ́mù wò lóru pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀, kò sọ fún àwọn ìjòyè. Mo ti máa ń rò pé ẹ̀rù ló bà á.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ sọ ohun tí mo ṣe fún olórí ikọ̀ wa. Ó dákẹ́ títí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní mi ò ní bá wọn lọ sí abúlé mọ́. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ padà lọ bẹ ìyá náà. Ó ní bí mo bá tún lọ dúró nídìí àkàrà rẹ̀, gbogbo abúlé ni yóò mọ ìdí rẹ̀.

Mi ò tíì lọ.