Ọ̀nà Kan Ò Wọjà

Ìtùnú ni wọ́n ń fi òwe yìí ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọmọ tó bá ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹta tí kò wọlé, àgbà kan á pè é jókòó, á ní: "Má sunkún mọ́. Lọ kọ́ṣẹ́. Ọ̀nà kan ò wọjà." Kò sí ẹni tó ń ronú kan ẹ̀sìn nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá ti délẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ jù. Mo ń gbọ́ ọ níbi ìkómọ tí bàbá ọmọ jẹ́ Mùsùlùmí, tí ìyá rẹ̀ ń lọ Kérúbù, tí ààfáà àti wòlíì jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ń tẹ́tí sí ẹsẹ Ifá lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n tún ń ṣe yoga kí wọ́n tó sùn. Wọ́n á ní: "Ọ̀nà kan ò wọjà, ibì kan náà ni gbogbo wa ń lọ." Apá kejì yẹn kò sí nínú òwe. Àfikún ni. Mo fẹ́ràn inú rere tó mú wọn fi kún un, ṣùgbọ́n òwe náà jinlẹ̀ ju àfikún yìí lọ, ó sì ń béèrè nǹkan tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọjà fúnra rẹ̀. Ní Òṣogbo, ẹ̀bá ààfin Àtáọ́ja ni Ọjà Ọba wà, mọ́ṣáláṣí àgbà kò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkìrun kò ní í gba Ẹdẹ. Ará Ìlobùú ní ọ̀nà tirẹ̀, ará Ìbòkun ní tirẹ̀. Olúkúlùkù ló ru ẹrù ibi tó ti ń bọ̀. Ká ní ọ̀nà Ẹdẹ nìkan ló ṣí, ohun tí Ẹdẹ bá ní nìkan ni Òṣogbo ì bá máa rí rà, ọjọ́ tí Ẹdẹ ò bá sì rí nǹkan kó wá, ebi ni. Bí ọ̀nà ṣe pọ̀ tó ni ọjà ṣe ń kún tó. Ẹni tó pa òwe yìí mọ ohun tó ń sọ ọjà di ọjà.

Níbo wá ni ọjà yìí wà? Àwọn tó ń fi òwe náà ṣàlàyé ẹ̀sìn ti gbé e lọ sọ́run: ẹ̀sìn ni ọ̀nà, Ọlọ́run ni ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ ibi tí ọjà wà fún wa tipẹ́. Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Bí a bá fi òwe méjèèjì yìí síra, ìtumọ̀ á yí padà. Ibi tí gbogbo ọ̀nà ti ń pàdé ni ayé, níwájú ọmọnìkejì, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrù sílẹ̀ tí gbogbo ojú ń wò ó. Kò sí oníbàárà tó ń bi oníṣu pé ọ̀nà wo lo gbà wá. Á fọwọ́ tẹ iṣu wò bóyá ó ti rà. Á wo òṣùwọ̀n elépo bóyá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gòkè. Ìdájọ́ tí òwe náà gbé ka iwájú ẹlẹ́sìn nìyẹn: gbogbo àdúrà tí o ti ń gbà láti àárọ̀, gbogbo ààwẹ̀, gbogbo ẹbọ, kí lo gbé dé ọ̀dọ̀ wa?

Láyé àtijọ́, oníbodè máa ń jókòó sẹ́nu odi ìlú, á gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò kó tó jẹ́ kó kọjá. Oníbodè kò lọ́nà, òun kọ́ ló sì lọjà. Nígbà tí ẹlẹ́sìn bá sọ ara rẹ̀ di oníbodè lórí ọ̀nà ẹlòmíràn, ọjà gan-an ló ń pa lára. Ní ọdún 2023, obìnrin kan ní Ìlọrin fẹ́ ṣe ọdún ìṣẹ̀ṣe. Àwọn kan kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣe é nínú ìlú náà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà ìta-gbangba sí Ẹ́míà ìlú náà. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, nítorí Ìlọrin mọ ohun tí ọ̀nà púpọ̀ ń ṣe fún ọjà: Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Núpé ló jọ kọ́ ọ. Lóṣù Ògún ọdún yẹn kan náà, ìjọba Èkó àti Ọ̀ṣun fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí ọdún ìṣẹ̀ṣe. Ọ̀nà ṣí níbì kan, wọ́n ń fi igi dí i níbòmíràn.

Ṣùgbọ́n òwe náà bá àwa tí a ń yọ̀ pé ọ̀nà pọ̀ wí pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ìwádìí Pew Research Center rí i ní ọdún 2023 pé nínú 100 àgbàlagbà, nǹkan bí 22 ló sọ pé àwọn kò ṣe ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n àwọn ní ohun ẹ̀mí lọ́kàn. Mo mọ irú wọn, nínú àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun àti nílé. Púpọ̀ nínú wọn, oníbodè ló lé wọn kúrò lọ́nà. Wọ́n ti fi ìdámẹ́wàá ni wọ́n lára, wọ́n ti fi iná ọ̀run àpáàdì dẹ́rù bà wọ́n. N kò lè bá wọn wí. Àmọ́ ẹni tó dúró sí oríta, tó ń yin gbogbo ọ̀nà, tí kò tẹ̀lé ọ̀kan, tí kò sì ru nǹkan kan, oòrùn á bá a níbẹ̀, ọjà á tú. Mo tún mọ obìnrin kan tí kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, tí kò sì bọ òrìṣà, ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ló ń se oúnjẹ fún àwọn arúgbó àdúgbò rẹ̀. Òun dé ọjà kí èmi tó dé.

Ìbéèrè tó ṣòro jù ni ti àdàlù. Ṣé dandan ni ká da gbogbo ọ̀nà pọ̀ kí a tó lè jọ gbé? Ní Salvador, ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, àwọn baba ńlá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ fi orúkọ ẹni mímọ́ àwọn Àgùdà bo òrìṣà mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè máa bọ ọ́ lọ. Ọya di Santa Bárbara. Ọgbọ́n ìyà ni. Ní ọdún 1983, Ìyá Stella, ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, àti àwọn ìyálórìṣà mìíràn gbé ìwé jáde pé ó tó gẹ́ẹ́: Ọya kì í ṣe Santa Bárbara, òrìṣà kò nílò ìbòjú mọ́. Àwọn kan rò pé ìyapa ló ń dá sílẹ̀. Lójú tèmi, ó mọ ọjà dáadáa. Ọlọ́jà tó mọ ìsọ̀ tirẹ̀ ló lè bá onísọ̀ kejì ṣe ọ̀rẹ́ tí kò ní ẹ̀tàn nínú.

Ní Abu Dhabi, wọ́n ṣí Abrahamic Family House ní ọdún 2023: mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti sínágọ́gù, ilé mẹ́ta tó tóbi bákan náà lórí ilẹ̀ kan. David Adjaye, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Gáná, ló ya àwòrán rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò kọjú síbì kan náà: Mẹ́kà ni ọ̀kan kọjú sí, ìlà-oòrùn ni èkejì, Jerúsálẹ́mù ni ẹ̀kẹta. Ilẹ̀ kan, ojú mẹ́ta. Ó kù díẹ̀ káàtó ṣá, nítorí àwọn ọmọ Ábúráhámù nìkan ni wọ́n fún ní yàrá.

Òṣogbo ni mo tún ń padà sí. Jimoh ni orúkọ Àtáọ́ja tó wà lórí oyè láti ọdún 2010, Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ òun náà ni ọba tó ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun fún ìlú. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Austria, dé Nàìjíríà ní ọdún 1950. Ọ̀dọ̀ Ajagẹmọ l'Ẹ́dẹ ló ti wọnú ẹ̀sìn Ọbàtálá kó tó wá fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì gba igbó Ọ̀ṣun là, títí UNESCO fi kà á mọ́ ohun ìní aráyé ní ọdún 2005. Ọ̀nà Ẹdẹ lòun gbà.

Lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, arugbá á jáde láti ààfin, igbá á wà lórí rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, á sì mú ojú ọ̀nà igbó pọ̀n. Èrò á tò sọ́tùn-ún sósì: onítẹ̀sùbáà, ẹni tó wọ àgbélébùú sọ́rùn, àwọn ará Bùràsíìlì nínú aṣọ funfun, àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Wọ́n á na ọwọ́ yí orí ká, wọ́n á ju ìṣòro wọn sí i bó ṣe ń kọjá. Kò ní bi ẹnikẹ́ni ní ọ̀nà tó gbà dé. Kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kọ, kò gbọdọ̀ yà. Ẹrù gbogbo wọn wà nínú igbá kan, odò ṣì wà níwájú.